Ọkọ̀ Pupa Bàbá Kúkọ̀yí

Ṣé ẹ tilẹ̀ mọ ohun tó mú kí àwọn àgbà Ìdó-Ọ̀pẹ máa pa á lówe pé, ẹni tó mọ eré í sá tí kò mọ ìrìn í rìn, kó má gba ọ̀nà ààfin? Ìwọ tó ń mi orí lẹ́yìn yẹn, o ò mọ̀ ọ́n. Àwọn kan á ní ẹṣin ló fà á. Irọ́ ni. Ọkọ̀ ló fà á, ọkọ̀ pupa kékeré kan báyìí, ẹlẹ́ni méjì, tí kò ní òrùlé.

Bàbá Kúkọ̀yí, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló ni ín. Ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ló rà á, inú rẹ̀ sì ni Àbíkẹ́ ìyàwó rẹ̀ jókòó sí lọ́jọ́ tó wọ ilé ọkọ. Wọ́n dàgbà, ọkọ̀ náà bá wọn dàgbà. Bí wọ́n bá ṣíná sí i, á kọ́kọ́ wúkọ́, á gbọ̀n, kó tó rántí pé ọkọ̀ ni òun. Ṣùgbọ́n jẹ́jẹ́ ló ń lọ, ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lè bá a tàkúrọ̀sọ dé ìsàlẹ̀ ọjà.

Ní Ìdó-Ọ̀pẹ, ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe Ọjọ́ Ìkíni, tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń tò lọ kí ọba ní pápá iwájú ààfin. Àgbà ló ń ṣíwájú, ẹgbẹ́ kan kì í sì í ya ẹgbẹ́ tó jù ú lọ sílẹ̀. Bí ọba bá fẹ́ jáde, àwọn ọdẹ á yìnbọn kan. Bí ìbọn yẹn bá ti dún, gbogbo ènìyàn á bọ́ sí ẹ̀bá ọ̀nà, ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, obìnrin á kúnlẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì ní gbójú sókè wo ẹni tó ń kọjá. Ẹ fi èyí sọ́kàn o.

Kò sí ọdún tí Àbíkẹ́ kì í bá ẹgbẹ́ rẹ̀ rìn, àfi ìgbà tí orúnkún sọ pé ó tó. Láti ìgbà náà, ojú fèrèsé ló ti ń gbọ́ orin ẹgbẹ́ rẹ̀ bí àlejò. Ó dùn ún wọra. Ni ọkọ rẹ̀ bá ṣèlérí fún un.

"Àbíkẹ́, lọ́dún yìí, inú ọkọ̀ wa lo máa jókòó sí. Wàá fojú ara rẹ rí ọba, wàá sì kí i."

Ìlérí rere ni. Ọ̀rọ̀ ì bá sì parí síbẹ̀, ká ní Bàbá Ṣóbándé aládùúgbò wọn lè pa ẹnu mọ́. Ó yọjú lórí ògiri, ó ní, "Tíṣà, ọkọ̀ yín yìí ń wúkọ́ jù yín lọ. Ẹ má jẹ́ kó lọ kó ikọ́ ran Kábíyèsí o."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Bàbá Kúkọ̀yí lára. Ó gbé ọkọ̀ lọ bá Wàhídì mẹkáníìkì. Wàhídì mọṣẹ́, ṣùgbọ́n eré ló gbà á lọ́kàn ju ohunkóhun lọ.

"Bàbá, ẹ fi í sílẹ̀ fún mi," ó ní. "Púlọ́ọ̀gì tó ń tanná ran epo rẹ̀ ti rẹ̀ ẹ́. A ó yọ ọ́, a ó fi ti ìgbàlódé sí i. Kabúrétọ̀ tó ń fún un lépo náà, ẹnu rẹ̀ kéré jù. Mo ní èyí tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ tó ń sáré ìdíje."

"Ṣé kò ní wúkọ́ mọ́?"

"Wúkọ́ kẹ̀? Kíké ni yóò máa ké!"

Àbíkẹ́ nìkan ló béèrè ohun tó yẹ ní bíbéèrè lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. "Bàbá Mosún, ta ló ń lé wa?"

"Kò sẹ́ni tó ń lé wa."

"Kí la wá fẹ́ sáré ṣe?"

Bàbá Kúkọ̀yí mú àkísà, ó ń nu iwájú ọkọ̀. Èmi náà ti rò ó títí. Bí ara bá ti ń falẹ̀, ọkàn á máa wá ohun tí yóò bá a sáré. Mi ò dá a lẹ́bi.

Wọ́n dán ọkọ̀ wò lójú títì ọlọ́dà, ó sáré títí atẹ́gùn fi ṣí fìlà lórí Bàbá Kúkọ̀yí. Inú rẹ̀ dùn. Òun àti Wàhídì, kò sí ẹni tó rántí wò ó bóyá ó ṣì lè rìn jẹ́jẹ́.

Ọjọ́ Ìkíni pé. Àbíkẹ́ wọ sányán, ó jókòó sínú ọkọ̀, ojú rẹ̀ ń dán. Wọ́n tò sáàárín ẹgbẹ́ wọn, wọ́n ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rọ ò fẹ́ bẹ́ẹ̀ rárá. Kabúrétọ̀ ẹlẹ́nu ńlá ń da epo sí i lọ́fun ju bó ṣe lè gbé e mì lọ. Èyí tí kò jó lọ kó jọ sínú sàlẹ́ńsà tí èéfín ń gbà jáde, iná tuntun yẹn sì lọ bá a níbẹ̀.

Gbàù!

Kí lẹ rò pé ìlú gbọ́? Ìbọn ọba ni. "Kábíyèsí ti jáde!" Gbogbo ẹgbẹ́ tó wà níwájú bọ́ sí ẹ̀bá ọ̀nà, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àwọn ọdẹ ìsàlẹ̀ rò pé àwọn ọdẹ òkè ló yìn ín, làwọn náà bá fi ìbọn dáhùn. Bàbá Kúkọ̀yí rí i pé ọkọ̀ fẹ́ kú, ó fẹsẹ̀ tẹ epo díẹ̀. Ọkọ̀ náà ò mọ díẹ̀. Ó fò síwájú, ó ya ẹgbẹ́ àwọn ẹ̀gbọ́n wọn sílẹ̀, ó ya ti àwọn arúgbó sílẹ̀. Bàbá Kúkọ̀yí tẹ bíréèkì. Gbàù! Àwọn tó tún wà níwájú dojú bolẹ̀.

"Ẹ dìde! Èmi ni! Kúkọ̀yí ni!" Ó ń pariwo, ó ń juwọ́. Ta ló ń gbọ́? Ẹni tó jí ojú wò, ọwọ́ tó ń jù nìkan ló rí.

"Kábíyèsí ń juwọ́ sí wa! Kádé pẹ́ lórí!"

Bàbá Ṣóbándé pàápàá ti ki imú bọ iyanrìn, ó ń ṣàdúrà ẹ̀mí gígùn fún ọkọ̀ tó fi ṣe yẹ̀yẹ́ lórí ògiri.

Nínú ààfin, ọba ṣì ń wọ bàtà. Ó gbọ́ ìbọn, ó sì gbọ́ ìkíni tirẹ̀ lóde. Ó wo àwọn ìjòyè lójú.

"Ta ló jáde lórúkọ mi?"

Iwájú àga ọba ní pápá gan-an ni ọkọ̀ náà kú sí. Bàbá Kúkọ̀yí ń làágùn. Ẹni tó bá gba ìkíni ọba mọ́ ọba lọ́wọ́, wọ́n lè ní kó má dé pápá yẹn mọ́ láéláé, òun àti aya rẹ̀. "Àbíkẹ́," ó ní, "mo ti bà á jẹ́ fún ẹ."

Ọba jáde. Bàbá Kúkọ̀yí dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Àbíkẹ́ fẹ́ kúnlẹ̀, orúnkún kọ̀, ó tẹrí ba níbi tó jókòó sí.

"Kádé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Kábíyèsí, ẹ má bínú. Ọkọ mi ló ń sáré. Èmi kàn wá kí yín ni."

"Ìyá Mosún!" Ojú ọba rọ̀. "Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń béèrè yín." Ó wá yíjú sí ọkọ. "Tíṣà, gbogbo ìlú ti dọ̀bálẹ̀ fún yín tán. Kí ló wá kù fún mi? Ṣé ọkọ̀ yìí ò lè rìn jẹ́jẹ́ ni?"

"Kábíyèsí, a ti yọ ìrìn kúrò lára rẹ̀. Eré nìkan ló kù."

Ọba kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, kí ẹnikẹ́ni tó láyà láti rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló gbé ìdájọ́ kalẹ̀: kí wọ́n ti ọkọ̀ náà délé, kí gbogbo ẹni tó dọ̀bálẹ̀ fún un sì bá wọn tì í.

Bí gbogbo Ìdó-Ọ̀pẹ ṣe tò sẹ́yìn ọkọ̀ nìyẹn, Bàbá Ṣóbándé lẹ́bàá sàlẹ́ńsà, èéfín dúdú ní gbogbo ojú. Ẹgbẹ́ Àbíkẹ́ ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ń kọrin, ó di ọwọ́ wọn mú láti inú ọkọ̀. Omijé ayọ̀ ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Bàbá Mosún," ó ní, "báyìí gan-an ni mo ṣe fẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀."

Bàbá Kúkọ̀yí wà lẹ́yìn ọkọ̀. Òun náà ń tì, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ọ̀rọ̀ tí ọba fi parí ìdájọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà ni wọ́n ń pa lówe títí dòní: ẹni tó mọ eré í sá tí kò mọ ìrìn í rìn, kó má gba ọ̀nà ààfin.