Odò Tó La Ẹnu Sílẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ àìsàn tó ń ṣe ọ̀rẹ́ mi yìí fún yín: ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́ kí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan wà lórí iṣẹ́ rẹ̀. Ayàwòrán ni. Èmi ni mo ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, etí mi ló sì ń gba gbogbo fáàrí rẹ̀. Àwòrán-Tó là ń pè é ládùúgbò.

"Òwe lẹṣin ọ̀rọ̀," á wí, "ṣùgbọ́n àwòrán ni mọ́tò rẹ̀."

Èmi náà á ní mọ́tò tirẹ̀ kò ní bíréèkì.

Lọ́jọ́ kan, iléeṣẹ́ ìmọ́tótó ìlú ránṣẹ́ pè é. Ike àti ọ̀rá ti fẹ́ dí odò kékeré tó la ìlú kọjá. Ọ̀gá ibẹ̀, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín, ní kó ya pósítà tí yóò mú àwọn èèyàn jáwọ́ nínú dída ìdọ̀tí sódò. Bí pósítà náà bá ṣiṣẹ́, wọn yóò gbà á síṣẹ́ olóṣù. Ọdún mẹ́rin ló ti ń wá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó rẹ̀ ló ń bọ́ wọn, ọ̀rọ̀ náà sì ń dùn ún ju bó ṣe ń fi hàn lọ.

Ó ya pósítà. Ká má purọ́, ó rẹwà. Odò di ìyá arúgbó kan tí ìgbì omi jẹ́ irun orí rẹ̀. Ìyá la ẹnu gbàgà, ike àti ọ̀rá ń já bọ́ sí i lẹ́nu.

Mo bi í pé, "Kí ni màmá yìí ń ṣe?"

"Ó ń sunkún. Ìdọ̀tí wa ti há a lọ́fun. Àfiwé ni."

"Lójú tèmi, ó ń jẹun ni."

Ó wò mí bí ẹni tí kò dé ẹnu ọ̀nà iléèwé rí. Ìyàwó rẹ̀ dá sí i: "Bàbá ọmọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ 'Ẹ má da ìdọ̀tí sódò' sí ìsàlẹ̀ rẹ̀."

"Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí."

"Ẹ ò tíì sọ ààbọ̀ ọ̀hún ná."

Igba ni mo tẹ̀. Wọ́n lẹ̀ wọ́n mọ́ gbogbo etí odò.

Lọ́jọ́ kẹta, ó wọ aṣọ tuntun, ó ní kí èmi àti ìyàwó rẹ̀ wá wo bí ìlú ṣe ń sunkún. A bá èrò lóòótọ́. Wọ́n tò sórí ìlà pẹ̀lú àpò ìdọ̀tí lọ́wọ́. Abẹ́ pósítà kọ̀ọ̀kan ti di òkìtì. Àwọn tí kò da nǹkan sódò rí ti ti ọmọlanke dé láti òdìkejì ìlú.

"Bàbá, kí lẹ̀ ń ṣe?" lọ̀rẹ́ mi bi bàbá àgbàlagbà kan.

"Ọmọ mi, ìjọba gbìyànjú. Ó ti pẹ́ tá a ti ń wá ibi tá a máa dà á sí. Wọ́n wá yà á kedere, ẹni tí ò kàwé gan-an á mọ̀."

"Ó ń sunkún ni, bàbá."

"Inú ẹ̀ dùn o. Ṣé o ò rí bó ṣe la ẹnu ni?"

Ọ̀rẹ́ mi ní òun yóò ṣe é kí wọ́n rí i. Ó di ọ̀fun mú, ó la ẹnu, ó yọ ojú síta. Ìyá kan sáré bu omi fún un, gìrìpá kan sì gbá a lẹ́yìn gbì títí omi ojú rẹ̀ fi jáde. Ẹkún gidi nìyẹn, kì í ṣe àfiwé.

Ibẹ̀ la wà tí ọ̀gá obìnrin náà fi dé. Ó wo òkìtì, ó wo ìlà, ó ní kí ọ̀rẹ́ mi wá rí òun lọ́fíìsì lọ́la. Ó doríkodò lọ sílé. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, a sìn ín lọ. Obìnrin náà ní, "Ọdún mẹ́sàn-án la ti ń ṣe pósítà. A bẹ̀bẹ̀, a halẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́ rí. Tìẹ nìkan ni gbogbo ìlú tẹ̀ lé. A gbà ọ́ síṣẹ́."

Ọ̀rẹ́ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Kó tó dìde, fáàrí ti padà: "Mo ti ń sọ fún wọn pé àwòrán..."

"Ààtàn wa wà lẹ́yìn ìlú, kò sẹ́ni tó ń débẹ̀. Lọ lẹ màmá náà mọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ́fíìsì rẹ wà. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ kó èyí tó wà létí odò."

Ó ti di òṣìṣẹ́ ìjọba báyìí, ààtàn sì ń kún dáadáa. Ìyàwó rẹ̀ lẹ ìwé kan mọ́ ilẹ̀kùn ilé wọn: "Ẹ WẸ̀ KẸ́ Ẹ TÓ WỌLÉ." Kò sí àwòrán kankan níbẹ̀, ó sì yé ọ̀rẹ́ mi.