Epo Inú Kẹ́ẹ̀gì Bàbá Ìyàwó Mi

Ọjọ́ kan wà tí kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé: ọjọ́ tí mo gbé alùpùpù mi sínú ọkọ̀ ojú omi lọ sí Gberefu, erékùṣù etí òkun, kí bàbá ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́ lè gbà fún mi. Ayé owó epo rọ̀bì ni, àwa tíṣà náà ń ra nǹkan. Ẹ̀rù ń ba bàbá náà pé bí mo bá mú ọmọ wọn lọ sí Aradagun níbi tí mo ti ń kọ́ni, kò ní padà wá kí wọn mọ́.

Kí ọkàn wọn lè balẹ̀ pé màá máa gbé e wá, mo fi táyà eléyín tí ń gbá yanrìn mú hàn wọ́n, àti ìjókòó tó ga débi pé ìka ẹsẹ̀ mi nìkan ló ń kanlẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni písítìn rẹ̀ ń rìn kó tó parí iṣẹ́ kan: á fa afẹ́fẹ́ àti epo sínú, á fún un pọ̀, iná á sán, á tú èéfín jáde. Ọ́ìlì rẹ̀ ní ilé tirẹ̀ nísàlẹ̀, kì í bá bẹntiróòlù pàdé. Kì í rú èéfín bíi ti ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi yín."

"Ó dáa. Gbé ọmọ mi dé etí òkun, kí o gbé e padà."

Àṣé bẹntiróòlù rẹ̀ ti dà tán níbi tí a tẹ́ ẹ sí nínú ọkọ̀. Mo rí kẹ́ẹ̀gì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, mo gbóòórùn rẹ̀: bẹntiróòlù ni.

"Tíṣà, dúró ná, ìyẹn…"

"Bàbá, mo mọ̀ ọ́n!"

Mo dà á sínú táńkì, mo gbé ọmọbìnrin náà sẹ́yìn, a gbéra. Kò pẹ́ tí èéfín funfun fi ń tú lẹ́yìn wa bíi ti ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja. Àwọn obìnrin sáré ká aṣọ tí wọ́n sá. A dé etí òkun, ẹ́ńjìnnì náà húkọ́, ó dákẹ́.

"Kí lo dà sí i?" ni ọmọbìnrin náà bi mí.

"Bẹntiróòlù bàbá rẹ."

"Ṣé o bi wọ́n? Ta ni kì í po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù ní Gberefu? Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi la ní!"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí yanrìn. Lẹ́yìn náà ló so ìró rẹ̀ le. Mo ń fà níwájú, ó ń tì lẹ́yìn, títí a fi délé.

Bàbá jáde wá pàdé wa.

"Ẹ̀rọ yẹn ò lè gbé e wá kí mi," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n ọmọ tó lè tì í bọ̀ láti etí òkun, yóò mọ̀nà ilé. Ẹ wá jẹun."

Bí a ṣe fẹ́ra nìyẹn. Láti ìgbà náà, bí mo bá fẹ́ da epo sínú jẹnẹrétọ̀, aya mi á ké láti ilé ìdáná: "Tíṣà, ṣé o bi wọ́n?" Kéèyàn béèrè kó tó dà á: gbogbo ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nìyẹn.

Aya mi ti di olóògbé báyìí. Bí mo bá gbé kẹ́ẹ̀gì, mo ṣì máa ń dúró díẹ̀, bóyá màá gbọ́ ohùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà màá gbóòórùn epo náà, bí ẹni pé imú mi ti gbọ́n ju tàtijọ́ lọ, màá sì rẹ́rìn-ín.