Kẹ̀kẹ́ Oníná Ọ̀gá Mo-ti-mọ̀

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìbínú onígbàjámọ̀ àdúgbò wa, ẹ kàn sọ pé ẹ fẹ́ kọ́ ọ ní nǹkan kan. "Mo ti mọ̀!" ni yóò fi dá yín lóhùn kí ẹ tó la ẹnu tán. Ìdí nìyí tí gbogbo wa fi ń pè é ní Ọ̀gá Mo-ti-mọ̀. Orí ló ń fá fún èèyàn, ṣùgbọ́n ẹ ó rò pé òun ló dá orí ọ̀hún.

Ọ̀gá ń fẹ́ télọ̀ kan. Ìyá télọ̀ ń gbé lórí òkè, wọn kò sì tíì gbà pé kí ó fẹ́ ọmọ àwọn. Wọ́n ní kí ó wá, kí àwọn fi ojú àwọn rí i. Ọ̀gá ní òun kò ní fẹsẹ̀ rìn lọ bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Kẹ̀kẹ́ oníná ni òun yóò gùn lọ, irú èyí tí bátìrì máa ń bá èèyàn tì.

Mo tẹ̀lé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìyá oníkẹ̀kẹ́ kan. Ó tẹ táyà kẹ̀kẹ́, ó tẹ agogo rẹ̀, ó mi orí bíi dókítà. Ó sọ fún gbogbo ṣọ́ọ̀bù pé ilé ìyá télọ̀ ni òun ń gùn ún lọ.

"Ọ̀gá, ẹ ní sùúrù díẹ̀," ni ìyá oníkẹ̀kẹ́ wí. "Bátìrì rẹ̀ ṣì—"

"Mo ti mọ̀!"

"Ẹ jẹ́ n parí ọ̀rọ̀ mi. Ó ṣì wà—"

"Kí wọ́n tó bí yín ni mo ti ń gun kẹ̀kẹ́!"

Ìyá oníkẹ̀kẹ́ tó bí i lọ́mọ. Wọ́n wò mí, mo wolẹ̀. Ọ̀gá ti fò sórí kẹ̀kẹ́, èmi náà bá tẹ̀lé e. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn, n kò sì sáré rárá.

"Ṣé o rí i?" Ó ń pariwo bí a ṣe ń gun òkè. "Iná ló ń gbé mi! Mi ò lo agbára kankan!"

Òógùn ń ṣàn létí rẹ̀ méjèèjì. Ìyá àgbà kan tó gbé àpò búrẹ́dì ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

"Ìyá àgbà, ẹ yà fún iná o!"

Ìyá àgbà bojú wẹ̀yìn. "Iná yìí mà ń mí hẹlẹhẹlẹ o." Wọ́n sì lọ.

Nígbà tí a dé ilé ìyá télọ̀, Ọ̀gá ṣì ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó tẹrí ba láti kí wọn, kò lè gbé orí sókè mọ́.

"Kí ló ṣe ọ́?"

"Kò sí... Màmá... iná ló gbé mi wá."

"Iná gbé ọ wá, o wá ń mí báyìí? Ká ní o fẹsẹ̀ rìn ńkọ́?" Wọ́n yíjú sí ọmọ wọn. "Aláìsàn lèyí! Mi ò ní fọmọ mi fún ẹni tí yóò kú mọ́ ọn lọ́wọ́."

Ojú télọ̀ fàro, àánú àwọn méjèèjì sì ṣe mí gan-an. Ọ̀gá gbé ọwọ́ lé àyà.

"Àbí ọkàn mi ni?" ló sọ sí mi létí. Ẹ̀rù ti ń ba òun náà.

Ibẹ̀ la wà tí ìyá oníkẹ̀kẹ́ fi gun kẹ̀kẹ́ oníná tiwọn dé wẹ́rẹ́, òógùn kankan ò sí lójú wọn. Wọ́n gbé nǹkan dúdú kan jáde nínú àpò.

"Ọ̀gá, bátìrì yín rèé. Orí ṣájà ló wà tí ẹ fi lọ. Ẹsẹ̀ yín lẹ fi wa irin gun òkè yìí."

Ìyá télọ̀ wo bátìrì, wọ́n wo Ọ̀gá láti òkè délẹ̀, inú wọn bá dùn.

"Ọpẹ́ o! Ara rẹ̀ le koko. Òmùgọ̀ lásán ni!"

"Ẹ̀n-ẹ́n, Màmá," ni télọ̀ wí, "ṣebí ohun tí mo ti ń sọ fún yín látijọ́ nìyẹn."