Bí Fíkírì Aláàga Ṣe Di Ẹni Àkọ́kọ́

Nígbà tí Ọlọ́run ń pín ẹ̀bùn, ọwọ́ ni ó fún àwa gbẹ́nàgbẹ́nà Dúmíyàtì ní Íjíbítì. Kálukú gba tirẹ̀, ó lọ sílé. Fíkírì nìkan ló padà sẹ́yìn lọ gba ẹnu kún un. Àga tí ó bá kàn, àga gidi ni, ẹ jẹ́ ká má purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kí o tó fi ìdí lé e, á ti sọ fún ọ pé ọba kan wà ní ilẹ̀ Lárúbáwá tí kò rí oorun sùn nítorí pé kò rí irú rẹ̀ rà. Bí o bá béèrè orúkọ ọba náà, á ní àṣírí ni.

Àṣírí yìí ni àìsàn rẹ̀ kejì. Òótọ́ ni pé ní ìlú wa, bí o bá gbẹ́ òdòdó sí orí ibùsùn lọ́jọ́ Ajé, kó tó di Ọjọ́bọ̀ òdòdó náà ti hù sórí ibùsùn mẹ́rin ní àdúgbò kejì. Gbogbo wa là ń fi iṣẹ́ wa pamọ́ díẹ̀díẹ̀. Ti Fíkírì ló wá kọjá àfẹnusọ. Inú ilé ìtajà ara rẹ̀ ló ti ń da kúbùsù bo kọ́bọ́ọ̀dù, oníbàárà tó wá rà á, etí kúbùsù ló máa jẹ́ kó gbé sókè. Bí a bá bá a wí, á ní ọmọlúwàbí kì í rìn ní ìhòòhò, kọ́bọ́ọ̀dù òun náà kò sì ní rìn ín.

Láyé àtijọ́, ẹbí ìyàwó á wọ ọkọ̀ wá sí Dúmíyàtì, wọ́n á máa yà láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù. Ní ìsinsìnyí, orí fóònù ni wọ́n ti ń wá àga kí wọ́n tó wọkọ̀. Gírígìsì, gbẹ́nàgbẹ́nà tó wà ní òdìkejì títì, ṣí ojú-òpó tirẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọkọ̀ àwọn àna sì ń dúró sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Fíkírì náà ní kí Wágídì tó ń tún fóònù ṣe lẹ́bàá afárá ṣí ọ̀kan fún òun. Láràárọ̀, á tẹ àdírẹ́sì ojú-òpó ara rẹ̀ sórí fóònù, láti orí dé ìrù, ojú-òpó náà á sì ṣí. Á wá na fóònù sí gbogbo wa nílé tíì, á ní ẹ wò ó, èmi ni àkọ́kọ́ ní gbogbo Íjíbítì.

Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi ṣe èyí. Lọ́jọ́ kejì Ìtúnu Ààwẹ̀ ni Gírígìsì, tí kì í sábà sọ̀rọ̀, gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀.

"Ọ̀gá Fíkírì, ẹ má bínú. Ẹni tó kan ilẹ̀kùn ara rẹ̀, tó sì ṣí i fún ara rẹ̀, kò tíì gba àlejò. Ẹ kọ 'ibùsùn ìyàwó Dúmíyàtì' sínú ẹ̀rọ ìṣàwárí bí ẹni tí kò mọ̀ yín rí."

A kọ ọ́. Gírígìsì ló jáde lókè pátápátá. A wo ojú ìwé kejì, a wo ìkẹta, a wò ó dé ìkọkànlá, níbi tí a ti rí ọkùnrin kan tó ń ta ẹ̀rọ ìfagi. A kò rí Fíkírì. Ilé tíì bú sẹ́rìn-ín, ojú Fíkírì pọ́n, ó dìde, ó sì ṣe ohun tí àwọn ọkùnrin wa máa ń ṣe bí ọgbọ́n bá tán: ó fi ìyàwó rẹ̀ búra. Ó ní bí ṣọ́ọ̀bù òun kò bá ṣáájú ti gbogbo ayé lórí ẹ̀rọ ìṣàwárí kó tó di ọjọ́ Iléyá, a jẹ́ pé òun ti kọ Ìyá Haní sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ojú ogún ènìyàn ni, Àáfà Dasúkì sì wà láàárín wọn.

Wọ́n ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kí Fíkírì tó rìn dé ilé, Ìtidál ìyàwó rẹ̀ ti ń gbá èèpo ẹyin náà jọ. Obìnrin yìí fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní Gẹ̀ẹ́sì kó tó fẹ̀yìn tì, kì í pariwo.

"Bàbá Haní, mo gbọ́ pé ẹ ti fi mí ta tẹ́tẹ́ nílé tíì."

"Ìyá Haní, kò séwu. Èmi ni n ó ṣáájú."

"Ó dáa. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti wà nínú ilé yìí. Bí Iléyá bá ku ọ̀la tí ẹ kò ṣáájú, ẹ má wulẹ̀ dààmú Àáfà. Ilé ẹ̀gbọ́n mi ní Rásì Bárì ni kí ẹ ti máa wá mi. Èmi kì í ṣe àga."

Ó di àpótí rẹ̀, ó gbé e sí ẹnu ọ̀nà. Láti ọjọ́ náà, bí Fíkírì bá ń wọlé, á gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí àpótí. Bó bá ń jáde, bákan náà. Ẹ̀rù bà á gidigidi. Aláṣejù ni, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀.

Ó sáré tọ Wágídì lọ. Wágídì ní àwọn tó ni ẹ̀rọ ìṣàwárí ti kọ ìwé ìtọ́nà kan sílẹ̀, ohun tí ènìyàn máa ṣe àti ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣe, Gẹ̀ẹ́sì ni, ọ̀fẹ́ sì ni, kí àwọn wá ẹni bá àwọn kà á. Fíkírì rẹ́rìn-ín. Ó ní ta ni yóò kó àṣírí iṣẹ́ rẹ̀ fún ayé lọ́fẹ̀ẹ́? Ẹ̀tàn ni. Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì wà nílé rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ó ń bá a jẹun. Kò bi í.

Ọgbọ́n tirẹ̀ ni ó lò. Ó ní kí Wágídì kọ "ibùsùn ìyàwó Dúmíyàtì" sí ojú-òpó náà nígbà irinwó, lẹ́tà funfun lórí ilẹ̀ funfun, kí ènìyàn má rí i, kí ẹ̀rọ rí i. Ìyá arúgbó kan wà ní Tántà tí ojú rẹ̀ ti di bàìbàì, fóònù ló máa ń kàwé sí i létí. Arúgbó yìí fẹ́ ra ibùsùn fún ọmọ-ọmọ rẹ̀, aládùúgbò kan sì fún un ní àdírẹ́sì ojú-òpó Fíkírì, ó ní kí fóònù kà á fún òun. Láti ìgbà ìrun Àìlà ni fóònù ti bẹ̀rẹ̀: ibùsùn ìyàwó Dúmíyàtì, ibùsùn ìyàwó Dúmíyàtì. Ìrun Àsárì wọlé bá a lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ọmọ rò pé àlùjọ̀nnú ti wọ inú fóònù, wọ́n ń kéwú sí i lórí. Àkọ́bí ló pe Fíkírì pé kó wá nǹkan ṣe o, ìyá àwọn náà ti ń sọ ọ́ lójú oorun.

Fíkírì kò jáwọ́. Ó tún gbọ́ níbì kan pé bí ojú-òpó mìíràn bá ń darí èrò sí tìrẹ, ẹ̀rọ á rò pé ènìyàn pàtàkì ni ọ́. Ó bẹ ìbátan rẹ̀ kan tó ń ta pẹ́pẹ́yẹ. Ìyẹn gbà: ẹni tó bá tẹ ibi tí iye owó pẹ́pẹ́yẹ wà, ọ̀dọ̀ Fíkírì ló máa já sí. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ènìyàn mọ́kànlá ló pè é láti bi í bóyá àlùbọ́sà ti wà nínú pẹ́pẹ́yẹ náà. Obìnrin kan tí àlejò ti jókòó sí pálọ̀ rẹ̀ ṣépè fún un, nítorí ó ní kí wọ́n fún òun ní méjì tó sanra, Fíkírì sì ń bi í pé dúrọ́ọ̀ ìkóṣọsí mélòó ló fẹ́ kó ní.

Iléyá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Fíkírì ti rù. Nígbà náà ni Ìtidál fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sọ́dọ̀ Wágídì, ó gba ìwé ìtọ́nà náà, ó mú bírò pupa, ó sì kà á tán ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Kò sí idán níbẹ̀. Wọ́n ní kí o kọ ọ̀rọ̀ fún ènìyàn, má kọ ọ́ fún ẹ̀rọ. Ohun tí o mọ̀ dájú ni kí o sọ, kó jẹ́ ohun tí ẹni tó kà á yóò dúpẹ́ pé òun kà. Má fi ọ̀rọ̀ pamọ́, má tò ó jọ bí ẹni ń ka tẹ̀súbà. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣèlérí ipò kìíní fún ọ, sá fún un. Ìtidál fa ìlà pupa sábẹ́ èyí nígbà méjì.

Ó wá bi Wágídì báwo ni ẹ̀rọ náà ṣe ń rí ṣọ́ọ̀bù. Wágídì ní ó ní ìránṣẹ́ kan tó ń rìn láti ojú-òpó dé ojú-òpó, á wo ohun tó wà níbẹ̀, á lọ jíṣẹ́.

"Kí ni ó rí ní tiwa?"

Wágídì bojú wolẹ̀. Ó jẹ́wọ́ pé lọ́jọ́ tí àwọn ṣí ojú-òpó náà, Ọ̀gá ní òun kò fẹ́ kí àjèjì kankan wá wo iṣẹ́ ọwọ́ òun, kí wọ́n kọ ọ́ sẹ́nu ọ̀nà pé ẹ má wọlé. Ìránṣẹ́ náà sì ní ẹ̀kọ́ ilé. Ọdún mẹ́ta ló ti ń wá, á ka ohun tí wọ́n kọ, á yí padà.

Ìtidál rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kí wọ́n yọ ìkìlọ̀ ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n nu ọ̀rọ̀ funfun, kí wọ́n sì dá pẹ́pẹ́yẹ padà fún ẹni tó ni ín. Lẹ́yìn náà ó jókòó, ó kọ ohun tó mọ̀ dájú sí ojú-òpó náà. Ó mọ igi: ó kọ bí a ṣe ń mọ igi gidi yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n kàn kùn, àti ìdí tí ibùsùn mìíràn fi ń ké ní gbogbo òru. Ó sì mọ Fíkírì ju igi lọ. Ó kọ ti ọba Lárúbáwá, ti kúbùsù, ti arúgbó Tántà, ti àpótí ẹnu ọ̀nà, ti ẹkún tí Fíkírì ń sá sínú kọ́bọ́ọ̀dù sun lóru, ó sì fi àkọlé lé e pé: "Ọkọ Mi Fi Mí Búra Nítorí Àga." Àwọn obìnrin Mansúrà kà á, wọ́n fi ránṣẹ́ sí àbúrò wọn ní Àsíyútì. Àwọn tó ní ojú-òpó fún ìyàwó tuntun ń darí èrò síbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ wọ́n.

Fíkírì kò gbọ́. Ẹ̀rù kò jẹ́ kó wo fóònù mọ́. Ó kàn rí i pé èrò ń wọlé ni, wọ́n á ní, "Ṣé ẹ̀yin gan-an ni Ọ̀gá Fíkírì?" Á gbé àyà sókè, á ní òun ni. Wọ́n á fọwọ́ bo ẹnu, wọ́n á bá a ya fọ́tò, wọ́n á sì ra ibùsùn. Ó wá ń sọ fún Gírígìsì pé ojú òun nìkan ti tó láti ta àga.

Nígbà tí Iléyá ku ọ̀la, gbogbo wa pé sílé tíì. Àáfà Dasúkì ní fóònù tòun ni wọ́n máa fi wò ó, nítorí fóònù náà kò wá àga rí láyé rẹ̀. Ó kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta náà, ó wọ awò rẹ̀. Fíkírì di tábìlì mú.

"Ṣọ́ọ̀bù rẹ ló wà lókè," ni Àáfà wí. Ó wá kà á sókè: "'Kò sí gbẹ́nàgbẹ́nà tó mọṣẹ́ tó ọkọ mi ní Dúmíyàtì, bí ẹnu rẹ̀ bá wà ní pípadé.'"

A rẹ́rìn-ín débi pé ife fọ́. Fíkírì gba fóònù, ó kà á dé ìsàlẹ̀. Ó ní kí wọ́n pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ìtidál wà lẹ́nu ọ̀nà ilé tíì.

"Mo lè pa á rẹ́, Bàbá Haní. Ta ni yóò wá ṣáájú?"

Gírígìsì na ọwọ́ sókè.

Fíkírì yíjú sí Àáfà, ó bi í bóyá wọ́n lè pa á rẹ́ bí Iléyá bá ti kọjá. Àáfà họ irùngbọ̀n rẹ̀. Ó ní òun kò gbọ́ ọjọ́ òpin nínú ìbúra náà, àti pé bó bá jẹ́ ìyàwó tòun ni, òun kò ní dán an wò.

Ní báyìí, bí o bá kọjá ní títì wa, wàá bá Fíkírì lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tòun ti fóònù, tó ń bẹ àwọn tó ń kọjá. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹbí yín. Ẹ má fo ibi tí mo ti ń sunkún nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ibẹ̀ ló dùn jù."