Láyíwọlá àti Ráútà Ọlọ́wọ́ Mẹ́jọ

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ? Ẹ má wulẹ̀ dáhùn, irọ́ lẹ máa pa.

Ní agbolé kan ní Ìgbájọ, bàbá ọmọ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pe orúkọ ọmọ, wọn kì í sì í gbé ọmọ tí kò tíì lórúkọ kọjá ẹnu ọ̀nà yàrá ìyá rẹ̀. Ìyàwó Àjàgbé wá bímọ, Àjàgbé sì wà lẹ́nu iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi lókè òkun. Láàárọ̀ ọjọ́ ìkómọ gan-an ni ọkọ̀ náà máa ṣí, ó sì máa pẹ́ kí wọ́n tó tún gbúròó rẹ̀. Ni wọ́n bá rán Láyíwọlá, àbúrò Àjàgbé, pé kó lọ ra ráútà tí yóò fọ́n íńtánẹ́ẹ̀tì káàkiri ilé, kí bàbá lè rí ọmọ rẹ̀ nínú fóònù, kó sì sọ ọ́ lórúkọ.

"Báwo ni ilé yín ṣe rí?" Obìnrin tó ń tà á ló bi í bẹ́ẹ̀.

"Ṣé ilé ni mo ní mo fẹ́ rà ni? Ẹ gbé ọlọ́wọ́ mẹ́jọ yẹn fún mi!"

Láyíwọlá gbé e sí pálọ̀ pẹ̀lú eríàlì mẹ́jọ tó nà sókè bí ọwọ́, inú rẹ̀ ń dùn. Ilé amọ̀ ni, bàbá wọn àgbà ló kọ́ ọ, ògiri rẹ̀ sì nípọn tó gígùn apá.

Ọjọ́ pé. Àjàgbé yọ kedere nínú fóònù ní pálọ̀. Láyíwọlá gbé fóònù wọ yàrá ìyá ọmọ lẹ́yìn ògiri pálọ̀, ògiri dí íńtánẹ́ẹ̀tì, ojú Àjàgbé pòórá. Ó sáré padà sí pálọ̀.

"Ọmọ mi dà?" ni Àjàgbé ń pariwo.

Láyíwọlá fa ráútà, ṣùgbọ́n wáyà tó so ó mọ́ òpó ìta kò dé yàrá.

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká gbé ọmọ jáde."

"Èèwọ̀!" ni ìyá tó bí òun àti Àjàgbé ké. "Ọmọ wà níbi tí kò sí íńtánẹ́ẹ̀tì, íńtánẹ́ẹ̀tì wà níbi tí kò sọ́mọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ ń lọ o! Gbé dígà, dá ògiri lu!"

Fèrè ọkọ̀ ti ń dún lẹ́yìn Àjàgbé. Láyíwọlá fi dígà lu ògiri, ó ń sunkún, ó ń lù ú. Ògiri lu, eruku bo àlejò, oyin ìkómọ di ẹrẹ̀. Ó ti fóònù àti apá bọ inú ihò, Àjàgbé sì rí ọmọ rẹ̀.

"Morádéyọ̀!" ni Àjàgbé kígbe. Ayọ̀ gba yàrá kan. "Láyíwọlá, ta ló dá ilé bàbá wa lu?"

Ọkọ̀ ṣí, fóònù dákẹ́.

Ìyá wọn nu eruku kúrò nímú ọmọ. Ó wo ráútà, ó wo ihò.

"Láyíwọlá ọmọ mi," ló wí, "ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ."