Halvard Ti Kẹ̀kẹ́ Ọmọ Ọlọ́mọ Sáré

"Mọ́mì, kí ló dé tó jẹ́ pé bí Dádì bá ti eré dé, wọn kì í rùn fún òógùn, àfi òórùn búrẹ́dì?"

Embla, ọmọ ọdún márùn-ún, ló béèrè bẹ́ẹ̀ nídìí oúnjẹ. Tyra, ìyá rẹ̀, wo ọkọ rẹ̀. Ọkọ wo ọbẹ̀ ẹja. Ó ki ẹja bọnu.

Halvard lorúkọ ọkọ náà, kò sì sí àrùn kankan lára rẹ̀ àfi ẹnu. Bó bá pa ẹja tí kò ju àtàǹpàkò lọ, á ní díẹ̀ ló kù kí ọkọ̀ òun rì. Nígbà tí wọ́n bí Sverre, ọmọkùnrin wọn, tí oṣù rẹ̀ ò pé, àwọn nọ́ọ̀sì fi òru ṣe ọ̀sán lórí rẹ̀ títí ó fi yè. Ni Halvard bá dìde láàárín gbogbo ará Lillehavn.

"Bí ìgbà òtútù bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, màá sá máratọ́ọ̀nù láti fi kówó jọ fún àwọn nọ́ọ̀sì yẹn! Ẹ wo ẹsẹ̀ mi yìí. Ìgalà ń sá fún un!"

Ìlú pàtẹ́wọ́, ìlú ṣèlérí owó.

Ní Lillehavn, ìta gbangba lọmọ ọwọ́ ti ń sùn, nínú kẹ̀kẹ́ ọmọdé tí wọ́n fi ń tì í kiri, òtútù ìbáà mú. Àwọn òbí á jókòó sínú ilé búrẹ́dì, wọ́n á máa ṣọ́ wọn láti ojú fèrèsé. Tyra nìkan ni ò gbà. Ọmọ tó ti inú àpótí gíláàsì ilé ìwòsàn bọ̀ wálé? Ó gbé e ti ààrò, ó wọ súwẹ́tà mẹ́ta fún un. Sverre ò sì sùn rárá. Igbe ni ṣáá, ìyá rẹ̀ á máa gbé e pooyì yàrá títí ilẹ̀ á fi mọ́.

"Gbé e fún mi," Halvard wí. "Bí mo bá ń tì í sáré, ara rẹ̀ á móoru, á sì sùn."

Lóòótọ́, bí wọ́n bá fi máa padà dé, Sverre á ti sùn fọnfọn.

"Òní, mo sáré gun òkè Bjørnås."

"Bàbá Embla! Pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ọmọ?"

"Kẹ̀kẹ́ yẹn ló ń bẹ̀ mí pé kí n rọra!"

Ẹ̀yin èèyàn mi, eré Halvard ò kọjá ẹnu ọ̀nà ilé búrẹ́dì. Á to kẹ̀kẹ́ búlúù tirẹ̀ mọ́ ti àwọn yòókù, á sì wọlé lọ sídìí kòkó gbígbóná. Bí iṣu ẹni bá ta, a máa ń fọwọ́ bò ó jẹ. Halvard fi ìwé ìròyìn bò ó jẹ.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, Tyra rò ó pé ó yẹ kí òun lọ kí akọni òun lójú ọ̀nà. Ó bu tíì sínú fúláàsì, ó mú Embla dání. Halvard yọjú lójú fèrèsé, ó rí fìlà pupa ìyàwó rẹ̀ lókèèrè. Yéè! Ó ki búrẹ́dì bọnu, ó já síta, ó gbá kẹ̀kẹ́ búlúù kan mú, ó di eré.

"Bjørnås ni mo ti ń bọ̀!" ló kígbe bó ṣe ń kọjá lára wọn.

"Akọni mi!" Tyra pàtẹ́wọ́. Àwọn tó ń kó yìnyín lẹ́nu ọ̀nà wọn náà pàtẹ́wọ́. Orí Halvard wú, ó fi kún eré.

Àṣé Màmá Gunvor, ìyá àgbà kan tó ń jẹun nílé búrẹ́dì, ń bọ̀ lẹ́yìn, tòun ti fọ́ọ̀kì lọ́wọ́. Àgbà kì í sáré lásán: bí kò bá lé nǹkan, ọmọ ọmọ rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ Halvard. Kí Halvard tó dé ṣọ́ọ̀ṣì, màmá ti kọjá rẹ̀, ó dúró dè é níwájú.

"Gbọ́mọgbọ́mọ! Ṣí kẹ̀kẹ́ yẹn wò!"

Halvard ṣí i. Ọmọbìnrin kan tó dé fìlà olódòdó wò ó tìyanu-tìyanu.

"Èyí... èyí kọ́ ni Sverre."

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé ọ! Tìrẹ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà ilé búrẹ́dì!"

Tyra, tó ti tẹ̀ lé wọn dé ibẹ̀, ò dúró gbọ́ ìyókù. Fúláàsì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń sáré, ó ń pe Ọlọ́run, ó ń pe Sverre, Embla tẹ̀ lé e. Ó dé ilé búrẹ́dì, ó bá kẹ̀kẹ́ búlúù kan ṣoṣo lẹ́nu ọ̀nà, tí kò mira. Sverre wà nínú rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n bí èso ápù, ó ń hanrun.

"Ibi tó máa ń sùn sí náà nìyẹn," obìnrin olóbúrẹ́dì wí. "Wọ́ọ́rọ́wọ́ ni. Bàbá rẹ̀ nìkan ló máa ń dààmú wa."

Tyra fọwọ́ kan ọmọ rẹ̀. Ara rẹ̀ móoru dáadáa. Ó sunkún, ó rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe eré bàbá ló ń mú ọmọ sùn, afẹ́fẹ́ tútù ni. Ìyá tó ń bẹ̀rù òtútù ló ń fi ooru se ọmọ rẹ̀ látọjọ́ yìí!

Nípa ti àwọn nọ́ọ̀sì, Màmá Gunvor ti parí ìyẹn níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. "Èmi ni màá sá máratọ́ọ̀nù náà. Ẹ má fa owó yín sẹ́yìn. Halvard á máa gbé omi fún mi, bó bá lè bá mi."

Bílẹ̀ ṣe ṣú, Tyra bọ́ súwẹ́tà méjì lára Sverre, ó gbé e kúrò nídìí ààrò, ó sì ṣí fèrèsé díẹ̀. Ó jókòó tì í, ó ń dúró de igbe. Igbe ò wá. Orí ìjókòó yẹn náà loorun ti gbé Tyra lọ.

Embla rọra súnmọ́ bàbá rẹ̀ lórí àga, ó gbóòórùn rẹ̀ wò.

"Mọ́mì! Dádì ń rùn fún òógùn!"

Mọ́mì ti sùn lọ. Òun náà káwọ́ kásẹ̀, ó sùn. Halvard ti sùn ṣáájú gbogbo wọn, tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀. Láti ilé búrẹ́dì dé ṣọ́ọ̀ṣì péré, ó ń hanrun bí ẹni tó sáré yí ayé po.