Ọjọ́ Tí Láṣebìkan Gun Àràbà ní Ìdóyọ̀

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ta ló lè sọ fún mi ibi tí àwọn àgbà ti rí òwe tí wọ́n máa ń pa pé àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń pa á kiri bí ẹni ń fi ẹ̀pà panu. Ó dáa, ẹ súnmọ́ mi. Ẹni tó bá mọ̀ pé ẹ̀rín máa ń dun òun nínú, kó yáa di ikùn mú.

Ọkùnrin kan wà ní Abà Àgbọn tó ń jẹ́ Láṣebìkan. Ojú ọkùnrin náà mú! Bí abẹ́rẹ́ bá bọ́ sínú iyanrìn, òun ni wọ́n máa ń pè. Bí àparò bá ba sínú koríko, yóò ti rí i kí ajá tó gbóòórùn rẹ̀. Ìyẹn wá kó sí i lórí. Á ní, "Ẹni tó lójú méjì, kí ló ń béèrè ọ̀nà lẹ́ẹ̀mejì fún?"

Lọ́dún kan, ẹgbẹ́ wọn fẹ́ lọ ṣe fàájì ọlọ́jọ́ kan. Etí odò kan náà ni wọ́n ti ń lọ fún ọdún méje gbáko, bẹ́ẹ̀ àwọn ẹ̀fọn ibẹ̀ ló ń gbádùn wọn, àwọn fúnra wọn ò gbádùn odò. Láṣebìkan dìde nípàdé, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ sí Ìdóyọ̀! Ìlú náà ò tóbi débi tí èèyàn á sọnù, kò sì kéré débi tí ẹnì kan ò ní rí nǹkan wò." Ara gbogbo wọn yá gágá. Àfi Búsàrí, tó jẹ́ pé ẹ̀bá oko rẹ̀ ni odò yẹn wà, tí ẹmu rẹ̀ sì máa ń tà lọ́jọ́ náà.

Búsàrí ní, "Ta ló mọ ohun tó wà ní Ìdóyọ̀?"

Wọ́n bá fẹnu kò. Láṣebìkan á lọ láàárọ̀, á dé nírọ̀lẹ́, á wá ròyìn ohun mẹ́ta tó dáa jù níbẹ̀. Bó bá rí i ṣe, òun ni olórí ìrìn, iwájú ọkọ̀ lá jókòó sí. Bí kò bá rí i ṣe, odò àti ẹ̀fọn ni títí láé.

Búsàrí tún fi kún un, "Ohun tí o kò bá fọwọ́ kàn, má wá sọ ọ́ níbí o. Wàá fẹnu kan irin búra."

"Màá fọwọ́ kàn án!" ni Láṣebìkan wí. "Àní màá dì mọ́ ọn!"

Nígbà tí bọ́lẹ́kájà já a sílẹ̀ ní garéèjì Ìdóyọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ayọ̀ ò jẹ́ kó lè dúró sójú kan. Ó rí obìnrin onídìrí kan lábẹ́ àtíbàbà tó ń dirun fún oníbàárà. Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀, kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ tó wọlé ọkọ, ìfẹ́ ilé ọkọ náà sì ń gùn ún.

"Ojú gbooro o, ìyàwó!"

"Òòyà á yà á o. Ẹ kúàbọ̀, bàbá."

"Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni màá béèrè. Kí ni ohun mẹ́ta tó dáa jù ní ìlú yìí?"

Àwẹ̀ró ò tilẹ̀ ronú. "Ilé ọkọ mi ni kí ẹ lọ! Ẹ gba iwájú aago ńlá kọjá, ẹ gba ẹsẹ̀ òkè kọjá, Agbolé Olúpọ̀nà nìyẹn. Àràbà ń bẹ níbẹ̀, àwọn ló ṣíji bo gbogbo agbolé. Omitútù ń bẹ níbẹ̀. Bó ti wù kí ara èèyàn gbóná tó, bó bá ti dé ọ̀dọ̀ wọn, á rọlẹ̀ wọ̀ọ̀. Ẹkùn náà ń bẹ. Wọn ò lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bú ramúramù, gbogbo ilé á gbọ́."

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ mọ̀ pé ìyàwó ilé kì í pe orúkọ àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀. Orúkọ tó bá fún wọn ni yóò máa pè wọ́n. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, Olóyè Adéwọyin, ọkùnrin tó ga fíofío, ló ń pè ní Àràbà. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, onísùúrù, ni Omitútù. Bàbá àgbà kan tí eyín ti tán lẹ́nu rẹ̀ pátápátá ni Ẹkùn. Ṣùgbọ́n Láṣebìkan tiwa? Igi ló gbọ́, omi ló gbọ́, ẹran ló gbọ́. Ó tún gbọ́ "àwọn," ó gbọ́ "wọn," ó ní, "Háà! Wọ́n tilẹ̀ pọ̀!" Ó sáré jáde ní garéèjì.

Ó dé ibi aago ńlá ìlú. Èrò ti pé yí i ká, wọ́n ń dúró kó lù, nítorí bó bá ti fẹ́ lù, ère ẹyẹ idẹ kan á yọ lórí rẹ̀, á jupá. Láṣebìkan fi èjìká la àárín wọn kọjá. "Ẹ yàgò o, mo ń lọ wo ohun tó dáa!" Ó dé ẹsẹ̀ òkè, ibi tí wọ́n gbẹ́ àtẹ̀gùn sára àpáta títí dé góńgó, tí èèyàn á ti máa wo ìlú mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà. Ó pòṣé. "Òkè lásánlàsàn." Òórùn búrẹ́dì gbígbóná ń jáde láti ilé oníbúrẹ́dì, ó dimú. Kò sí lára mẹ́ta tí wọ́n kà fún un.

Ní Agbolé Olúpọ̀nà, obìnrin kan jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Omitútù fúnra rẹ̀ ni.

"Ẹ kú ilé o. Omitútù ni mo kọ́kọ́ ń wá."

"Ẹ kúàbọ̀. Oòrùn yìí mú lóòótọ́." Obìnrin náà wọlé, ó bu omi tútù sínú igbá, ó gbé e fún un.

Láṣebìkan wo igbá náà títí. "Ṣé gbogbo rẹ̀ nìyí?"

"Bó bá tán, màá bù sí i."

Láṣebìkan mi orí. Àṣé inú ilé ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí, kí oòrùn má baà fà á gbẹ! Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́, ó bọ́jú, ó mu díẹ̀, ó ká ìka kan. Ọ̀kan ti bọ́ sí i.

"Àràbà ńkọ́?"

"Wọ́n wà lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń gba atẹ́gùn."

Ó sáré yípo ilé. Kò rí igbó àràbà, kò rí àràbà kan ṣoṣo. Igi ìbẹ́pẹ tín-ín-rín kan ló wà níbẹ̀, àti bàbá gíga kan tó dúró tì í, tó ń rin pákò. Láṣebìkan wo òkè èjìká ọ̀tún bàbá náà, ó wo ti òsì.

"Kí lò ń wá, ọkùnrin yìí?"

"Àràbà ni, bàbá."

Olóyè Adéwọyin rẹ́rìn-ín músẹ́. "Iwájú rẹ náà ló wà yìí."

Láṣebìkan gbójú sókè wo ìbẹ́pẹ. Àánú ìlú náà ṣe é. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé bóyá ìbẹ́pẹ ni wọ́n ń pè ní àràbà níbí. Kò burú, ohun tí wọ́n ní ni wọ́n fi ń yangàn. Bó ti na ọwọ́ pé kí òun fọwọ́ kàn án báyìí, ni ìyàwó ilé kan ké láti inú ilé:

"Ẹkùn ti jí o! Ẹ ṣílẹ̀kùn fún wọn! Ebi ń pa wọ́n!"

Yéè! Láṣebìkan ò dúró gbọ́ ìkejì. Ó fò mọ́ ìbẹ́pẹ, ó gùn ún dé ìdajì. Ta ló ń gun ìbẹ́pẹ? Igi dá gbàù, ọkùnrin já bọ́, ó bọ́ sọ́rùn Olóyè Adéwọyin. Ó fi ẹsẹ̀ kọ́ èjìká rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú, fìlà fò lọ.

"Ẹ má sọ̀ mí kalẹ̀, bàbá! Ẹ dákun! Wọ́n pọ̀! Ebi ń pa wọ́n!"

Ilẹ̀kùn ṣí. Bàbá kékeré kan tí kò léyín fi ọ̀pá talẹ̀ jáde. "Ẹ̀kọ mi dà? Àbí ẹ fẹ́ kí n kú ni?"

Omitútù yọ lẹ́yìn rẹ̀, ó káwọ́ lérí. "Yéè! Ẹ wá wò ó o! Àlejò ti gun Àràbà!"

Láṣebìkan wo ẹni tó gùn. Ìgbà náà ló tó yé e. Ojú tì í débi tó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Gbogbo agbolé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tó ní ìyàwó onídìrí kan ní garéèjì ló júwe ilé fún òun, bàbá àgbà fọwọ́ pa á lórí, ó ní, "Má bẹ̀rù mi, ọmọ mi. Kí ni màá fi bù ọ́ jẹ?" Wọ́n ní ẹni tí ìyàwó àwọn bá rán wá, ẹni àwọn ni. Wọ́n fún un lóúnjẹ, kò sì tíì fọwọ́ tán tí fèrè ọkọ̀ ìkẹyìn fi dún.

Jìnnìjìnnì bò ó nínú ọkọ̀. Kí lòun ó wí fún ẹgbẹ́? Ṣé odò náà ni wọ́n á tún padà sí? Ṣùgbọ́n nígbà tí Búsàrí na àdá sí i lẹ́nu nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Láṣebìkan fẹnu kan irin, ó ní, "Mo gun Àràbà wọn. Mo bọ́jú lọ́dọ̀ Omitútù. Ẹkùn wọn fọwọ́ pa mí lórí. Bí mo bá purọ́, kí irin yìí bá mi jà."

Ilé ìpàdé dàrú! Wọ́n gbé e sókè. Ẹkùn tó ń fọwọ́ pa èèyàn lórí!

Ogójì ènìyàn ló gbéra lọ sí Ìdóyọ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Láṣebìkan jókòó síwájú ọkọ̀, ó ń làágùn. Ó fẹ́ jẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ń kọrin, wọn ò gbọ́. Wọ́n tún ya aago sílẹ̀, wọ́n ya òkè sílẹ̀, wọ́n ya búrẹ́dì sílẹ̀, Agbolé Olúpọ̀nà tààrà. Wọ́n rọ́ wọlé tàwọn ti kèrègbè ìpọnmi, ti ẹran tí wọ́n rà fún ẹkùn. Búsàrí ló ṣíwájú, ó gbé igbà ìgunpẹ kọ́ èjìká.

Olóyè Adéwọyin jáde sí ojúde láti kí wọn káàbọ̀. Ogójì ènìyàn na ọrùn. Wọ́n wo ọ̀tún rẹ̀, wọ́n wo òsì rẹ̀, wọ́n wo orí òrùlé.

Búsàrí fọwọ́ tún igbà ṣe. Ó ní, "Bàbá, ẹ dákun, ẹ yẹra díẹ̀. Ẹ ti ga jù, ẹ ò jẹ́ ká rí Àràbà."

Olóyè wo Láṣebìkan tó sá pamọ́ sẹ́yìn ọkọ̀. Ó wo àwọn tó kù, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó mí kanlẹ̀.

"Àwẹ̀ró, bu omi fún wọn. Ogójì ènìyàn, ọgọ́rin ojú! Àlejò lójú o, ṣùgbọ́n kò fi ríran."